Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ìbọn àkọ́kọ́, ẹ wo òfin kẹ́ ẹ tó wo owó!

Ìbọn kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ṣakabùlà làwọn ọdẹ wa ń gbé wọ igbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ fi ìbọn yínyìn ṣe eré ìdárayá lè máa wá èyí tí kò wọ́n, tó sì ń gbé ọta sẹ́nu fúnra rẹ̀.

Kó rọra o! Òfin ìbọn ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà ní ìpín tirẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì tí wọ́n ń fọwọ́ ki ọta sí, ìbọn afẹ́fẹ́ àti ráífù eré ìdárayá wà nípìn-ín tí Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá lè fúnni níwèé àṣẹ lé lórí. Ṣọ́ọ̀tì-gọ́ọ̀nù tó ń gbé ọta fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Pọ́ǹpù àkíṣọ̀n náà kò sí níbẹ̀. Ráífù ológun tí ọta rẹ̀ jẹ́ 7.62mm tàbí 9mm sì jẹ́ èèwọ̀, àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Ẹ̀wọ̀n ọdún 10, ó kéré tán, ni ìjìyà rẹ̀.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 17, ẹni tójú rẹ̀ kò ríran dáadáa àti ọ̀mùtí kò lè gbàwé àṣẹ. Ní Abẹ́òkúta, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ní Ẹlẹ́wẹ́ran. Ìbọn pọ́ọ́kú tí kò níwèé, ọ̀wọ́n gógó ni.

Tẹ́ ẹ bá sì rà á tán, ẹ rántí ọ̀rọ̀ àgbà: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?