Kámẹ́rà Rò Pé Àwọ̀ Eérú Ni Gbogbo Ayé

Ẹ wo fọ́tò ìgbéyàwó mẹ́wàá tí wọ́n yà lọ́sàn-án gangan. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí ọ̀kan, ó kéré tán, tí léèsì funfun ìyàwó ń dán yinrin, tí ojú ọkọ sì dà bí ìgbà tí iná lọ. Ta ló lẹ̀bi? Àwọn èèyàn á ní fọtogíráfà ò mọṣẹ́. Nígbà míì, òótọ́ ni. Àmọ́ látìgbà tí mo ti ń ya fọ́tò òde àríyá, mo ti rí i pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ìkòkò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀

Nínú kámẹ́rà digital, sẹ́ńsọ̀ ló ń gba ìmọ́lẹ̀. Àwọn ojú kéékèèké kún ara rẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye. Ẹ fojú inú wò wọ́n bí ìkòkò tá a tò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀rọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ sì jẹ́ òjò. Ìkòkò tó wà níbi léèsì funfun á tètè kún. Tó bá ti kún, èyí tó bá tún rọ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Nínú fọ́tò, ibẹ̀ á funfun báláú, ọnà ara léèsì á pòórá, kò sì sí ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà. Níbi ojú èèyàn dúdú, omi díẹ̀ ló máa wà nínú ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá wá fipá mú un mọ́lẹ̀ lẹ́yìn náà, ńṣe ni awọ ojú á rí wóróworo bí iyanrìn.

Ta ló wá ń pinnu ìgbà tí òjò á dá? Tẹ́ ẹ bá fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó dá ṣiṣẹ́, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ ni. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ni pé tá a bá po gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán pọ̀, ó yẹ kó dà bí eérú, ìyẹn ohun tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà. Tí léèsì funfun bá gba ibi tó pọ̀, kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ojú ọkọ á bá a lọ. Tó bá jẹ́ ọkùnrin dúdú tó wọ agbádá dúdú ló dá dúró, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣá.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Láyé fíìmù, Kodak máa ń fi káàdì kan ránṣẹ́ sáwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, kí wọ́n fi tún àwọ̀ ṣe. Obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lára rẹ̀. Orúkọ òṣìṣẹ́ Kodak kan, Shirley, ni wọ́n fi ń pe káàdì náà. Tí awọ Shirley bá ti dáa, fọ́tò ti dáa nìyẹn. Lorna Roth, onímọ̀ ọmọ Kánádà, ṣàlàyé pé lára ohun tó mú kí Kodak tún fíìmù rẹ̀ ṣe ni ẹjọ́ táwọn tó ń ṣe ṣokoléètì àtàwọn tó ń ṣe àga onígi rò, pé ọjà wọn ò jáde dáadáa nínú fọ́tò. Ẹ ò rí nǹkan! Àga gba ẹjọ́ ṣáájú ojú èèyàn.

Fóònù ń dá ọgbọ́n

Nígbà míì, fóònù máa ń ya irú fọ́tò yìí dáadáa ju kámẹ́rà ńlá lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ kéré. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè ya fọ́tò púpọ̀ léra léra, kó wá pa wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá pa fọ́tò 9 pọ̀, iyanrìn yẹn lè dín kù di ìdá kan nínú mẹ́ta. Lọ́dún 2021, Google gbé Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6, kí awọ dúdú lè jáde bó ṣe rí. Ó ṣeé ṣe, àbí?

Ohun tí mo fẹ́ kí kámẹ́rà máa ṣe

Àkọ́kọ́, kó sọ òótọ́ fún mi. Àwòrán kan máa ń hàn lẹ́yìn kámẹ́rà bí òkè, histogram ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń sọ bóyá ìkòkò ti kún. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, JPEG ló ń wò, kì í ṣe RAW tí mo fẹ́ lò. JPEG ní ipele ìmọ́lẹ̀ 256 fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, RAW oní-14-bit sì ní 16,384. Kámẹ́rà lè máa pariwo pé ó ti kún, nígbà tí àyè ṣì wà. Èmi náà á bẹ̀rù, màá dín ìmọ́lẹ̀ kù, ojú ọkọ ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ìkejì, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tuntun lè rí ẹyinjú èèyàn láàárín èrò. Mo fẹ́ lè sọ fún un pé, "Awọ ọkùnrin yìí dúdú, má sọ ọ́ di eérú," kó sì rántí títí àríyá á fi parí.

Ìkẹta, kó máa pa fọ́tò pọ̀ bíi ti fóònù, kó sì fi RAW lé mi lọ́wọ́. Àwọn kan ń ṣe é, àmọ́ ohun tí kì í mira ló sábà máa ń bá mu. Ẹni tó ń jó kì í dúró.

Títí dìgbà yẹn, ẹ má fi ìpinnu sílẹ̀ fún kámẹ́rà. Ẹ ya RAW. Ẹ fi spot metering wọn ìmọ́lẹ̀ ojú, kì í ṣe ti léèsì, kẹ́ ẹ wá fi bọ́tìnì +/− dín in kù díẹ̀ torí awọ dúdú kì í ṣe eérú. Tí oòrùn bá mú jù, ẹ pe tọkọtaya bọ́ sábẹ́ igi, kó má di pé oòrùn ń ta sára léèsì nígbà tí ojú ọkọ wà lábẹ́ òjìji fìlà.

Fọ́tò ìgbéyàwó kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Àwọn ọmọ tá ò tíì bí ló máa wò ó kí wọ́n lè mọ bí bàbá wọn ṣe rí. Kò yẹ kó jẹ́ fìlà àti eyín nìkan ni wọ́n máa rí.