Lẹ́ǹsì Fún Ojú Tí Kò Yí Roboto

Ẹ̀yin ará, bí iwájú ẹyinjú kò bá yí roboto bí bọ́ọ̀lù, tó gùn díẹ̀ bí ẹyin adìẹ, ìmọ́lẹ̀ kò ní pàdé síbì kan náà, lẹ́tà á sì máa ṣe bàìbàì. Astigmatism ni àwọn dókítà ń pè é. Lẹ́ǹsì tirẹ̀ ni toric. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ìsàlẹ̀ tó wúwo díẹ̀, nítorí bí ó bá yí lójú, ìríran á tún dàrú. Ẹ má rà á lọ́jà bí ẹni ra yẹtí. Dókítà ojú ni yóò wọn ojú yín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń sá fún awò ojú nítorí ẹwà (n kò bá yín jà), ẹ má fi omi ẹ̀rọ tàbí itọ́ fọ lẹ́ǹsì láé. Kòkòrò Acanthamoeba ń gbé inú omi, ó sì lè fọ́ni lójú. Bí ojú bá pọ́n tó sì ń dunni, ẹ yọ ọ́, kí ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà.