Kọ̀ǹténà lójú ogun: irin nìkan kò tó

Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ ogun rẹpẹtẹ lọ sí Vietnam lọ́dún 1965, ẹrù tiwọn gan-an dá wọn lágara. Ọkọ̀ tó ti la òkun Pàsífíìkì já á wà lójú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó ráyè gúnlẹ̀. Bó bá sì gúnlẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kó páálí àti àpò inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí òjò kò bà jẹ́, olè á gbé e. Àwọn tó gbọ́njú ní Èkó lọ́dún 1975, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì dí èbúté Àpápá pa, mọ irú ìnira bẹ́ẹ̀.

Malcom McLean, onítírélà láti North Carolina, ló wá ojútùú sí i. Láti April 1956 ló ti fi ọkọ̀ Ideal X kó kọ̀ǹténà 58 láti Newark lọ sí Houston. Ní November 1967, ọkọ̀ Oakland ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Sea-Land, gúnlẹ̀ sí Cam Ranh Bay pẹ̀lú kọ̀ǹténà 609. Ẹrù tó wà nínú rẹ̀ tó ohun tí ọkọ̀ àtijọ́ mẹ́wàá ń kó.

Igun kọ̀ǹténà ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Irin tó nípọn tó ní ihò ló wà ní igun mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kọ́kọ́rọ́ irin á wọ inú ihò náà, wọ́n á yí i, ó ti dè nìyẹn. Ìbáà jẹ́ orí ọkọ̀ òkun, rélùwéè tàbí tírélà, ìdè kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan ẹrù inú rẹ̀ títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó tì pa yẹn náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà ogun Kuwait, 1990 sí 1991. Nǹkan bí 40,000 kọ̀ǹténà ni Amẹ́ríkà kó lọ, wọ́n sì ní láti ṣí bí ìdajì wọn nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Sójà tó ń retí ẹ̀yà ara ọkọ̀ ogun á tún béèrè fún òmíràn, nígbà tí ti àkọ́kọ́ wà nínú aṣálẹ̀ níbi tí wọ́n to kọ̀ǹténà jọ sí bí òkè. Lójú tèmi, àṣìṣe tó burú jù nìyí: wọ́n náwó sórí irin, wọn kò náwó tó sórí àkọsílẹ̀. Ẹ̀yìn ogun náà ni wọ́n tó ń so ẹ̀rọ kékeré tó ń fi rédíò sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹténà mọ́ ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ní Iraq àti Afghanistan, sójà sọ ọ̀pọ̀ kọ̀ǹténà ayálò di ilé ìkẹ́rùsí àti yàrá. Nígbà tó fi máa di 2011, owó ìtanràn tí ìjọba Amẹ́ríkà san lórí àwọn tí kò padà lásìkò ti lé ní 700 mílíọ̀nù dọ́là.