Ilé là ń wò ká tó sọ eyín lórúkọ

Ká ní tipà ṣẹ̀ṣẹ̀ já yanrìn sílẹ̀ níwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ní Igbudu, ní Warri, tí ẹ rí ohun dúdú kan tó ń dán nínú òkìtì náà. Orí rẹ̀ mú ṣónṣó, ìdí rẹ̀ pín sí méjì bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Eyín ẹja àkùràkudà ni. Ṣé ẹja tó kú láìpẹ́ ló ni ín, àbí ti ayé Cretaceous, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 145 ọdún sẹ́yìn, tó sì parí ní mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn?

Kí ló dé tó fi jẹ́ eyín la máa ń rí?

Eegun àkùràkudà rọ̀ bí etí wa, kì í pẹ́ jẹrà. Eyín rẹ̀ ló le. Bí ọ̀kan bá bọ́, òmíràn á sún síwájú gba ipò rẹ̀, débi pé ẹja kan ṣoṣo lè já ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sísàlẹ̀ òkun kó tó kú. Ẹrẹ̀ á bò wọ́n, ohun alumọ́ni inú ilẹ̀ á wọ inú wọn, wọ́n á di òkúta. Àwọn ohun alumọ́ni yìí ló ń pa wọ́n láró, nítorí náà, ẹ má fi dídú eyín ka ọjọ́ orí rẹ̀.

Kí ni ojú lè rí?

Ẹ rọra fi ìka tọ etí eyín náà. Bó bá rí wínníwínní bí ayùn, ó lè jẹ́ ti Squalicorax, irú àkùràkudà kan tó parun nígbà tí ayé Cretaceous parí. Ṣùgbọ́n tiger shark tó ń gbé òkun wa lónìí náà ní ayùn létí eyín. Ẹ wo ẹ̀yìn eyín náà: ti tiger shark ní ibi tó gé wọlé jìn, ayùn ńláńlá ibẹ̀ sì tún ní kéékèèké lára. Ti Cretalamna dán létí, ó ní eyín kékeré kan lọ́tùn-ún àti lósì, ṣùgbọ́n irú ẹja yìí la ìparun Cretaceous já, orúkọ rẹ̀ nìkan kò lè sọ ọjọ́ orí.

Ibo ni ilé rẹ̀?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Yanrìn àti amọ̀ tí Odò Ọya kó wá ló wà lábẹ́ Igbudu, wọn kò sì tíì pẹ́ rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayé Cretaceous. Àpáta ìgbà yẹn wà ní Sókótó, Enugu àti àfonífojì Benue; òkun wà nínú àfonífojì yìí ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 90 ọdún sẹ́yìn. Lọ́dún 1934, onímọ̀ kan, Errol White, tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹja Sókótó tó ti di òkúta. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ méjì, Vullo àti Courville, ṣàlàyé àwọn eyín àkùràkudà àti ẹja mìíràn láti Benue. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò dé lẹ́yìn tí Cretaceous ti parí, nítorí náà eyín ibẹ̀ kì í ṣe ti Cretaceous, bó ti wù kó jọ ọ́.

Odò lè wú eyín kúrò lára àpáta àtijọ́ kó sì gbé e sínú yanrìn tuntun. Ìdí nìyí tí eyín inú yanrìn tipà fi dà bí ọmọ tó sọnù: ojú rẹ̀ ń sọ ìdílé tó ti wá, àmọ́ kò lè júwe ilé.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe?

Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ̀ ọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ tipà ibi tó ti kó yanrìn. Bó bá jẹ́ inú àpáta lẹ ti rí i, ẹ fi díẹ̀ nínú àpáta náà pamọ́: àwọn ìkarahun tíntìntín lè wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo fi ń mọ ọjọ́ orí ìpele ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́. Warri kò jìnnà sí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ fún epo rọ̀bì wà ní Effurun. Bí ẹ bá ń gbé eyín náà lọ síbẹ̀, ẹ kọ ibi tí yanrìn ti wá sórí bébà, kí ẹ sì fi bébà náà sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú eyín ọ̀hún.