Ọrẹ fún Yunifásítì: Ẹ Gba Rìsíìtì, Ẹ Má Wá Ìyìn

Ọ̀rọ̀ owó ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀. Ní agbègbè wa yìí, láti Ọba Ákran dé Ògbà, láti Orẹ̀gún dé Orílẹ̀ Agége, àwọn Mùsùlùmí tí ó ní ilé-iṣẹ́ kò kéré: ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì ń bẹ, ẹni tí ń ṣe ike ń bẹ, ẹni tí ń tẹ̀wé àti ẹni tí ń rán aṣọ ilé-ìwé náà ń bẹ. Púpọ̀ nínú wọn ń fi owó ran yunifásítì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n gba rìsíìtì, wọn a ní, “Nítorí Ọlọ́hun ni mo ṣe é, kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kò tọ̀nà. Nínú Suratul Bakọra, Ọlọ́hun kọ́ wa pé ó dára bí a bá ṣe sàárà ní gbangba, ó sì tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá fi pamọ́ tí a sì fún aláìní. Nínú sura kan náà ni Ó ti pa wá láṣẹ pé kí a kọ gbèsè tí ó ní àkókò sílẹ̀, kí a sì pe ẹlẹ́rìí sí i. Ẹni tí ó bá ka méjèèjì pọ̀ yóò mọ̀ pé ìwé kò bá ìbẹ̀rù Ọlọ́hun jà. Ṣekárími ni ó ń ba láàdá jẹ́. Rìsíìtì kì í ṣe ìlù tí a ń lù kiri ìgboro; inú àpótí ni ó ń gbé.

Ríran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́ kì í sì í ṣe àṣà àjèjì sí wa. Ìtàn sọ pé ní ọdún 859, obìnrin Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Fatima al-Fihri fi ogún tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kọ́ mọ́sálásí Qarawiyyin ní ìlú Fez, ní ilẹ̀ Mòrókò. Mọ́sálásí náà di ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì wà títí di òní. Wákàfì, èyíinì ni dúkìá tí a yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun tí a kì í tà, ni ó gbé e ró. Ìwé ni a sì fi ń ṣọ́ irú dúkìá bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà pín in mọ́ ogún.

Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí a dá sílẹ̀ ní 1983 wà ní Ọ̀jọ́, ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Ìkẹjà. Àwọn Mùsùlùmí náà ti dá tiwọn sílẹ̀: Crescent ní Abẹ́òkúta ní 2005, Fountain ti NASFAT ní Òṣogbo ní 2007, àti Summit ti Ansar-Ud-Deen ní Ọ̀fà ní 2015. Gbogbo wọn ni ó ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Ìjọba mọ èyí, nítorí náà ni ó ṣe fi ìrọ̀rùn sínú òfin owó-orí. Nínú òfin owó-orí kọ́ńpìnnì tí a lò títí di òpin 2025, kọ́ńpìnnì tí ó bá fún yunifásítì, tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga mìíràn, tàbí ilé ìwádìí ní owó, lè yọ owó náà kúrò nínú èrè tí a ó bu owó-orí lé. Ọrẹ náà kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀ lọ, tàbí ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó-orí tí ó yẹ kí ó san. Èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni a ń lò. Fún àwọn ẹgbẹ́ àánú mìíràn tí òfin náà dárúkọ, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún èrè ni òpin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ wò. Ká sọ pé kọ́ńpìnnì kan jèrè N20,000,000 lábẹ́ òfin náà, tí owó-orí rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí kò bá fi nǹkan kan tọrẹ, N6,000,000 ni yóò san. Bí ó bá fún yunifásítì ní N2,000,000, èrè tí a ó bu owó-orí lé di N18,000,000, owó-orí rẹ̀ sì di N5,400,000. N600,000 ni ó fúyẹ́ fún un. N1,400,000 tí ó kù ti jáde lápò rẹ̀ pátápátá.

Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé, “Ẹ mú owó wá, ìjọba yóò dá gbogbo rẹ̀ padà,” ẹ̀tàn ni. Sàárà ṣì ni. Ìjọba kàn bá yín gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà ni. Bí ọkàn ẹnìkan kò bá sì balẹ̀ lórí N600,000 yẹn, kí ó fi san owó ìwé ọmọ aláìní.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní, 2026. Àjọ tí a ń pè ní FIRS tẹ́lẹ̀ ti di Nigeria Revenue Service. Nítorí náà, bí a ti ń ṣírò rẹ̀ ni mo fi hàn yín. Ẹ má fi ìwọ̀n òfin àtijọ́ san owó-orí ọdún yìí. Kí akọ̀wé owó yín ka ìwọ̀n inú òfin tuntun sí yín létí kí ẹ tó kọ ṣéèkì.

Ta ni ìrọ̀rùn yìí kò kàn? Òṣìṣẹ́ tí a ń yọ owó-orí lára owó oṣù rẹ̀ kò rí i jẹ nínú òfin tí ó parí ní 2025: owó ìfẹ̀yìntì, owó ìlera, owó ìkọ́lé àti adójútòfò ẹ̀mí ni òfin náà kà, kò ka ọrẹ yunifásítì mọ́ wọn. Bákan náà ni kọ́ńpìnnì kékeré tí òfin kò bu owó-orí èrè lé: a kò lè dín ohun tí kò sí kù. Láàdá irú wọn wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun, ó sì tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ jù ni orúkọ. Bí Alhaja kan bá ní ilé búrẹ́dì ní Agége, tí ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bíi kọ́ńpìnnì, ṣùgbọ́n tí ó fi owó àpò ara rẹ̀ tọrẹ, tí a sì kọ orúkọ Alhaja sórí rìsíìtì, kọ́ńpìnnì kò lè fi ìwé náà bèèrè nǹkan kan. Láti inú àpò kọ́ńpìnnì ní báńkì ni kí owó náà ti jáde, kí ó sì wọ inú àpò yunifásítì gan-an, kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí láwàní onítọ̀hún tóbi tó.

Kí orúkọ yunifásítì, orúkọ kọ́ńpìnnì, iye owó, ọjọ́, ohun tí owó wà fún, nọ́ńbà àti ìbuwọ́lù wà lórí rìsíìtì náà. Lẹ́tà ìdúpẹ́ kì í ṣe rìsíìtì. Owó ilé-ìwé ọmọ yín kì í ṣe ọrẹ. Ẹ má sì ka ọrẹ kọ́ńpìnnì sí sàká láìbi àlùfáà yín, nítorí ẹni mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí ti wà nínú Suratu Taoba.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Ìlú Ọba, ẹ sọ fún wọn pé ètò tiwọn yàtọ̀. Gift Aid ni wọ́n ń pè é. Bí ẹni tí ń san owó-orí níbẹ̀ bá fún yunifásítì tàbí ẹgbẹ́ àánú ilẹ̀ náà ní pọ́n-ùn kan, tí ó sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ẹgbẹ́ náà lè gba pẹ́nsì 25 sí i lọ́wọ́ ìjọba. Níbẹ̀ náà, láìsí ìwé, kò sí àfikún.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi fún ẹ̀yin ìyàwó ilé nìyí. Ikú kì í kéde. Bí olórí ilé bá kú tí àwọn òṣìṣẹ́ owó-orí sì wá yẹ ìwé kọ́ńpìnnì wò, ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ni wọn yóò bi léèrè. Ẹ mọ ibi tí rìsíìtì wà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ fún ọdún 6 ó kéré tán. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ẹnìkan fún yunifásítì ní N200,000 tí ó ní kí wọ́n kọ N500,000 sórí rìsíìtì, ẹ sọ fún un pé irọ́ àti olè ni ó so mọ́ sàárà rẹ̀. Ọlọ́hun mímọ́ ni, ohun mímọ́ nìkan ni Ó sì ń gbà.

Kí Ọlọ́hun gba ọrẹ wa, kí Ó sì fi ìmọ̀ ta àwọn ọmọ wa lọ́rẹ. Àmín.