Iṣẹ́ Àgbàṣe Láti Òkè Òkun: Ohun Tí Ojú Accra Ti Rí

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ àgbàṣe. Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára olóko lọ, yóò pe àwọn ọ̀dọ́ tó lápá, wọn yóò dúnàádúrà, iṣẹ́ yóò parí, owó yóò yọ. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun náà ń gba alágbàṣe. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé oko wà ní Amẹ́ríkà tàbí Yúróòpù, alágbàṣe wà ní Accra, orí kọ̀ǹpútà sì ni iṣẹ́ ti ń lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ ACS ṣí ọ́fíìsì sí Accra. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń tẹ ìwé owó ìtọ́jú àwọn aláìsàn Amẹ́ríkà sínú kọ̀ǹpútà fún àwọn iléeṣẹ́ adójútòfò bíi Aetna. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ju 1,000 lọ. Ní 2001, iléeṣẹ́ mìíràn níbẹ̀ ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì owó ìtanràn tí wọ́n ń já fún àwọn tó bá ṣẹ̀ sófin ìmọ́tótó ní New York. Ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ nígbà náà pé nǹkan bíi dọ́là 70 lóṣù ni òṣìṣẹ́ kan ń gbà, ìyẹn ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù tó kéré jù lọ ní Ghana.

Kí ló dé tó fi jẹ́ Accra? Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, owó òṣìṣẹ́ kò wọ́n bíi ti Amẹ́ríkà, aago wọn sì fi wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú ti New York. Kí ará New York tó jí, iṣẹ́ ti lọ jìnnà.

Ṣùgbọ́n ayé ò dúró sójú kan. Xerox ra ACS ní 2010. Nígbà tó di 2017, apá iṣẹ́ náà tún yapa, ó di Conduent. Ẹ̀rọ ti mọ̀wé kà báyìí, iṣẹ́ títẹ nǹkan sínú kọ̀ǹpútà sì ń dín kù. Ohun tí wọ́n wá ń gbé fún alágbàṣe ni èyí tí ẹ̀rọ kò lè dá ṣe.

Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni ṣíṣa ohun burúkú kúrò lórí Facebook. Sama ló ń ṣe é ní Nairobi fún Meta. Ní 2022, òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kan, Daniel Motaung, gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, Sama ní òun ò ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Majorel ló gba iṣẹ́ náà, Teleperformance ti ilẹ̀ Faransé sì ra Majorel lọ́dún yẹn kan náà. Irú iṣẹ́ yìí ti dé Accra. Ní oṣù kẹrin 2025, ìwé ìròyìn Guardian ti London gbé e jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ní àwòrán ìpànìyàn àti ìfìyàjọmọdé tí àwọn ń wò ti kó ìdààmú ọkàn bá àwọn, àti pé owó oṣù wọn ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 1,300 sídì. Teleperformance kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ní àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ tó ń tọ́jú òṣìṣẹ́, owó tí òun ń san sì dára.

Ẹ̀yin òbí, a ò ní kí ọmọ má gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń tinú rẹ̀ jẹun. Àmọ́ kó tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ jẹ́ kó béèrè: kí gan-an ni n ó máa wò lójoojúmọ́? Ta ni agbanisíṣẹ́ mi lórí ìwé? Bí ara mi kò bá yá nítorí iṣẹ́ yìí, ta ni yóò san owó ìtọ́jú? Ṣé wọ́n gbà mí láàyè láti sọ ohun tí ojú mi rí fún ará ilé mi? Bí iṣẹ́ náà bá kó lọ sí ìlú mìíràn, iṣẹ́ ọwọ́ wo ni yóò kù fún mi?

Olóko lè pààrọ̀ alágbàṣe nígbà tó bá wù ú. Ọgbọ́n tí alágbàṣe bá kó níbi iṣẹ́ nìkan ni olóko ò lè gbà padà.