Ilé iná tó sá fún òkun

Ṣé ilé lè sá fún òkun? Ó ṣẹlẹ̀ ní Denmark o! Nígbà tí wọ́n tan iná Rubjerg Knude, ilé gogoro tó ń fọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi, ní 1900, ó jìnnà sí òkun tó mítà 200. Àmọ́ ìgbì ń jẹ ẹsẹ̀ òkè tó dúró lé, atẹ́gùn sì ń kó iyanrìn jọ títí tí ọkọ̀ ò fi rí iná náà mọ́. Wọ́n pa iná yẹn ní 1968. Nígbà tó di 2019, ó ku díẹ̀ kó já sókun. Wọ́n bá gbé e ka irin bíi ti rélùwéè, odindi tọ́ọ̀nù 720, wọ́n fà á sẹ́yìn ní mítà 70. Ṣùgbọ́n òkun ò tíì jáwọ́. Ó ṣì ń jẹ òkè náà bọ̀.